Mo Ti Gba Ìwé Àṣẹ Ẹnjiníà, Kí Ni Wọ́n Tún Fẹ́ Kọ́ Mi?

Obìnrin ẹnjiníà kan tó ń gbé ní Ìjàpọ̀, Àkúrẹ́, ló kọ ìbéèrè yìí ránṣẹ́: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti pẹ́ tí orúkọ mi ti wọ ìwé COREN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà. Ilé tí mo ti bójú tó láti Àkúrẹ́ dé Ọ̀wọ̀ kò níye, kò sì sí ọ̀kan tó wó nínú wọn. Wọ́n wá ní kí n tó tún ìwé àṣẹ mi gbà, mo gbọ́dọ̀ mú ẹ̀rí wá pé mo lọ sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Èyí tí mo rí, Àbújá ni wọ́n ti fẹ́ ṣe é, owó rẹ̀ sì ju agbára mi lọ. Ẹnìkan ní òun lè bá mi wá sátífíkéètì láìjẹ́ pé mo kúrò nílé. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ẹnjiníà ní Texas ní wọ́n ń bèèrè irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn náà, àmọ́ orí kọ̀ǹpútà lòun ti ń ṣe tòun. Ṣé kì í ṣe ọ̀nà láti gbowó lọ́wọ́ wa ni gbogbo èyí? Kí ni wọ́n tún fẹ́ kọ́ ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti ọdún pípẹ́?”

Ẹ kú iṣẹ́ náà, àbúrò mi. Ọ̀rọ̀ yín kì í ṣe ti ẹnìkan ṣoṣo. Mo ti gbọ́ irú rẹ̀ ní Alágbàká lẹ́nu àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, mo sì ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó dá dúró, tí wọn ò ní ọ̀gá tó máa bá wọn san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Bí mo ṣe ka lẹ́tà yín, ohun tó ń dùn yín ju owó lọ ni pé ó dà bíi pé wọ́n ń fojú ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti Àkúrẹ́, wò yín. Ẹ ti dúró lórí dẹ́kìn nínú oòrùn, ẹ ti bá bíríkìlà àti bẹ́ńdà tó ń tẹ irin fa ọ̀rọ̀ kí iṣẹ́ lè dára, ẹnìkan tún wá ní kí ẹ wá jókòó sí kíláàsì. Ó yé mi. Ṣùgbọ́n ìbéèrè mẹ́ta ló lọ́ mọ́ra wọn nínú lẹ́tà yín, mo sì fẹ́ tú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé ìdáhùn wọn ò rí bákan náà.

Ti sátífíkéètì tí wọ́n fẹ́ bá yín wá ni kí a kọ́kọ́ mú kúrò nílẹ̀. Ẹ má gbà á, kódà bí ẹni náà bá ní ọ̀fẹ́ ni. Ìwé tó sọ pé ẹ wà níbi tí ẹ kò dé jẹ́ ìwé irọ́, àjọ tí òfin Nàìjíríà gbé kalẹ̀ lẹ sì fẹ́ fi lé lọ́wọ́. Òfin kan náà fún COREN ní ìgbìmọ̀ tó ń wádìí ẹ̀sùn àti ìgbìmọ̀ ìdájọ́ tó lè yọ orúkọ ẹnjiníà kúrò nínú ìwé. Ẹ tún rò ó síwájú díẹ̀ sí i. Bí ògiri ilé kan tí ẹ buwọ́ lù bá ya lọ́la, tí agbẹjọ́rò onílé bá bẹ̀rẹ̀ sí í tú ìwé wò, ìwé àṣẹ yín ló máa kọ́kọ́ bèèrè, lẹ́yìn náà ló máa bèèrè bí ẹ ṣe gbà á. Ó lè jẹ́ pé ẹ̀bi ilé yẹn ò sí lọ́rùn yín rárá, pé onílé ló fi àjà kan lé e lẹ́yìn tí ẹ kúrò níbẹ̀. Ìwé irọ́ kan péré ti tó láti mú kí ẹnikẹ́ni má gba ọ̀rọ̀ yín gbọ́ mọ́. Ẹni tó sì bá yín ṣe é mọ orúkọ yín, ó mọ ohun tí ẹ ṣe, ẹ ò lè sọ ìgbà tó máa rántí rẹ̀.

Èyí tó kàn ni bóyá òfin ni tàbí ọgbọ́n ìgbowó. Níbí ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti ń da nǹkan pọ̀. NSE (Nigerian Society of Engineers), tí àwọn ẹnjiníà wa dá sílẹ̀ ní 1958, ẹgbẹ́ ni: èèyàn ló ń fínnúfíndọ̀ wọ̀ ọ́. COREN kì í ṣe ẹgbẹ́. Òfin 55 ti ọdún 1970 ló dá a sílẹ̀, wọ́n tún òfin náà ṣe ní 1992, wọ́n sì tún fi kún agbára rẹ̀ pẹ̀lú àtúnṣe ti 2018. Òun ló ń pinnu ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ṣiṣẹ́ ẹnjiníà ní Nàìjíríà. Lọ́dọ̀ COREN fúnra rẹ̀, nǹkan méjì ló tún wà. Ìforúkọsílẹ̀ ni àkọ́kọ́, èyí tí ẹ ṣe lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n fi fún yín ní nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú R. Èkejì ni ìwé àṣẹ iṣẹ́, èyí tó ní ọjọ́ tó máa ń tán, tí a sì gbọ́dọ̀ tún gbà. Ìforúkọsílẹ̀ ń sọ pé lọ́jọ́ tí wọ́n yẹ̀ yín wò, ẹ yege. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ ló ń sọ pé ẹ ṣì ń bá iṣẹ́ náà rìn. Ìwé àṣẹ iṣẹ́ yìí ni wọ́n so CPD mọ́, bí gbogbo wa ṣe ń pe ẹ̀kọ́ tí ẹni tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ń kọ́ kún ti tẹ́lẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí ẹ tún ìdánwò ìgbà ọ̀dọ́ yín ṣe. Àwọn dókítà náà ń kó tiwọn jọ kí wọ́n tó tún ìwé àṣẹ gbà lọ́dọ̀ MDCN, àjọ tó ń ṣàkóso iṣẹ́ wọn, ẹ̀yin náà ò sì ní fẹ́ kí dókítà tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde nígbà tí a wà ní ọmọdé fi oògùn ìgbà náà tọ́jú ọmọ yín lónìí. Torí náà, òfin ni. Pé àwọn kan ń fi òfin náà pa owó ju bó ṣe yẹ lọ, òótọ́ nìyẹn pẹ̀lú, mo sì máa padà síbẹ̀.

Ó wá ku ìbéèrè tó wúwo jù. Ẹ ní kò sí ilé yín tó wó rí. Inú mi dùn sí i, mo sì gbà pé iṣẹ́ ọwọ́ yín dára. Síbẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí ilé tó dúró ń sọ fún wa àti ohun tí kò sọ. Nígbà tí a bá ń ṣírò lábẹ́ BS 8110, ìlànà àwọn Gẹ̀ẹ́sì fún ìṣírò ilé kọnkéré, a máa ń sọ ìwúwo ilé fúnra rẹ̀ di ìlọ́po 1.4, a sì máa ń sọ ìwúwo èèyàn àti ẹrù di ìlọ́po 1.6. A tún máa ń fi 1.5 pín agbára kọnkéré kí a tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Àlàfo tó wà láàárín ohun tí ilé lè gbé àti ohun tó ń gbé lójoojúmọ́ kò kéré, inú àlàfo yẹn sì ni gbogbo àléébù iṣẹ́ máa ń fara pamọ́ sí. Irin tí wọ́n pè ní mílímítà 12 tí kò tó 12 nígbà tí ẹ bá fi káálípà wọ̀n ọ́n á jẹ díẹ̀ nínú rẹ̀. Kọnkéré tí wọ́n bu omi kún kó lè rọ̀ lọ́wọ́ wọn á jẹ díẹ̀. Dẹ́kìn tí wọ́n tú pátákó rẹ̀ kó tó gbó á jẹ díẹ̀. Ìṣírò tí kò bá ohun tí wọ́n ń tà lọ́jà mu mọ́ á jẹ tirẹ̀. Ilé náà á ṣì dúró. Ó lè dúró bẹ́ẹ̀ fún 20 ọdún, nítorí pé yàrá tí tọkọtaya ń sùn kì í gba ẹrù tó tó èyí tí a ṣírò fún un. Lọ́jọ́ tí onílé bá sọ yàrá òkè di ibi tí wọ́n ń to àpò sìmẹ́ńtì sí, tàbí tó gbé tánkì omi ńlá lé orí dẹ́kìn, tàbí tó fi àjà kan kún un láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ọjọ́ yẹn ni a máa mọ iye tó ṣẹ́ kù nínú àlàfo náà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ ìrírí nínú iṣẹ́ tiwa. Ẹni tó se ọbẹ̀ á mọ̀ lójú ẹsẹ̀ bí iyọ̀ bá pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ẹnjiníà lè ti fẹ̀yìn tì kí ohun tó ṣe tó fèsì. Bíríkìlà tó ń po kọnkéré lọ́nà tí kò dára láti ìgbà tó ti jáde lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́ ń rí i pé ilé òun dúró, ó sì ń fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí pé ọ̀nà òun dára. Ọdún tó fi ṣe é pọ̀, kò sì parọ́ nígbà tó bá ní òun nírìírí. Ohun tí kò ní ni ẹnìkan láti òde tó máa fọ́ kúùbù kọnkéré rẹ̀, ìyẹn èyí tí a dà sínú àpótí kékeré láti fi dán agbára rẹ̀ wò, kó sì fi èsì hàn án. Ìyẹn ni ohun tí ẹ̀kọ́ wà fún lójú tèmi: kí ẹlòmíràn yẹ ohun tí a ti gbà pé a mọ̀ wò fún wa. Ẹni tó dá dúró bíi tiyín ló sì nílò rẹ̀ jù, nítorí pé kò sí ọ̀gá tó ń yẹ ìṣírò yín wò kí ó tó dé ọwọ́ bẹ́ńdà.

Ohun tó ti yí padà láti ìgbà tí ẹ jáde nílé ẹ̀kọ́ kò sì kéré. Ẹ mú BS 8110 náà. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe é ti gbé e tì ní 2010, Eurocode 2, ìlànà ti ilẹ̀ Yúróòpù, ló gba ipò rẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa níbí ṣì ń lò ó, mi ò sì bá ẹnikẹ́ni jà lórí ìyẹn, torí pé ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa lè fi kọ́ ilé tó dára. Ibi tí ewu wà ni ibi tí a ti ń da méjèèjì pọ̀. Ọ̀dọ́ tó ń bá yín ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà lè ti yan Eurocode nínú sọ́fítíwíà láìsọ fún yín, kí ẹ̀yin sì máa fi BS 8110 yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlọ́po ibẹ̀ kì í ṣe 1.4 àti 1.6, 1.35 àti 1.5 ni. Kọnkéré tí wọ́n kọ ní C25/30 tún máa ń da àwọn èèyàn láàmú: agbára sílíńdà ni 25 yẹn, 30 ni ti kúùbù tí a mọ̀ mọ́ra. Ẹni tí kò mọ èyí lè mú kúùbù tó fọ́ ní 26, kó fi wé 25, kó sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó yege. Òwúrọ̀ kan péré ti tó láti kọ́ èyí lọ́dọ̀ ẹni tó mọ̀ ọ́n, àmọ́ kò sí iye ọdún lórí sáìtì tó máa fi hàn yín bí ẹnikẹ́ni kò bá sọ ọ́.

Sìmẹ́ńtì náà ńkọ́? Ní 2014 ni SON, àjọ tó ń rí sí ìdíwọ̀n ọjà ní Nàìjíríà, là á sọ́tọ̀ pé sìmẹ́ńtì tí wọ́n kọ 32.5 sí lára àpò rẹ̀ wà fún rírẹ́ ògiri, 42.5 fún bulọ́ọ̀kù, òpó, bíìmù àti dẹ́kìn, 52.5 fún afárá àti irú iṣẹ́ ńlá bẹ́ẹ̀. Lára àpò 42.5, ẹ tún máa rí N tàbí R lẹ́yìn nọ́ńbà. Èyí tó jẹ́ R máa ń tètè le ju N lọ láwọn ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó kan ọjọ́ tí ẹ máa tú pátákó, ó sì kan bí ẹ ṣe gbọ́dọ̀ tètè bẹ̀rẹ̀ sí í bomi rin kọnkéré lábẹ́ oòrùn. Mélòó nínú wa ló ń wo lẹ́tà yẹn kí wọ́n tó já ẹrù kúrò nínú ọkọ̀?

Ibi tí mo rò pé ẹ̀kọ́ máa ṣe ẹ̀yin gan-an láǹfààní jù ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀. Àpáta ti jẹ́ kí ọkàn àwa tí a ń ṣiṣẹ́ ní Àkúrẹ́ balẹ̀ jù. Orí àpáta àtijọ́ ni gbogbo agbègbè yìí jókòó sí títí dé Ìdànrè, ẹni tó bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ lè pàdé òkúta láìpẹ́, kó sì rò pé bí gbogbo ìlú ṣe rí nìyẹn. Àpáta náà kì í jẹrà bákan náà káàkiri. Nínú púlọ́ọ̀tì méjì tó fara kanra, ọ̀kan lè wà lórí yangí tó le, kí èkejì wà lórí amọ̀ tó ń wú lásìkò òjò tó sì ń súnkì lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Lẹ́bàá odò Àlà, omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀. Bí ẹ bá rí ilé tí ògiri rẹ̀ ya ní ìdàgẹ̀rẹ̀ láti igun fèrèsé, ẹ má tètè dá bíríkìlà lẹ́bi. Ó lè jẹ́ pé apá kan ìpìlẹ̀ wà lórí òkúta tí apá kejì sì wà lórí amọ̀, tí èyí tó wà lórí amọ̀ ti rọra lọ sísàlẹ̀, tí èkejì ò sì tẹ̀lé e. Ohun kan náà ń ba ọ̀nà jẹ́: wọ́n á tún ojú kan ṣe, wọ́n á tún un ṣe, ojú náà á sì tún bàjẹ́, nítorí pé ọ̀dà nìkan ni wọ́n ń tún ṣe, wọn ò fọwọ́ kan amọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti omi tí kò rí ọ̀nà jáde. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá wá pè yín sí Igbókòdá, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó yìí kan náà, ẹrẹ̀ àti omi lẹ máa bá. Ẹ tẹ̀ síwájú dé Ayétòrò, ẹ máa rí ìlú tí òkun ti ń gba ilẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Bí a ṣe ń ri òpó gígùn wọnú ẹrẹ̀, bí a ṣe ń dáàbò bo irin inú kọnkéré lọ́wọ́ iyọ̀ omi òkun, bí a ṣe ń ka èsì àyẹ̀wò ilẹ̀ láìjẹ́ pé a kàn gba ìlà tó gbẹ̀yìn nínú rẹ̀, kò sí èyí tí iṣẹ́ Ìjàpọ̀ lè kọ́ yín.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí ẹ ti jàre. Mo ti jókòó síbi ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fi gbogbo òwúrọ̀ kí àwọn àlejò pàtàkì, tí wọ́n fi ọ̀sán ya fọ́tò, tí olùkọ́ tó wá sọ̀rọ̀ nígbẹ̀yìn sì kàn ń ka ohun tí gbogbo wa rí lára ògiri. Kò sí ohun tí mo lè nàka sí pé mo kọ́ níbẹ̀. Ó bí mi nínú gidigidi, nítorí pé àwọn kan yáwó wá, wọ́n sì fi iṣẹ́ sílẹ̀. Irú ètò bẹ́ẹ̀ ló ń mú kí ẹni tó jẹ́ olóòótọ́ máa ronú pé sátífíkéètì àyédèrú àti ojúlówó ò yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ owó náà kò tọ́. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ níléeṣẹ́ ńlá, ọ̀gá rẹ̀ ló ń sanwó fún un. Ẹ̀yin máa san owó ìdánilẹ́kọ̀ọ́, owó ọkọ̀, owó hòtẹ́ẹ̀lì, ẹ tún máa pàdánù owó iṣẹ́ ọjọ́ wọ̀nyẹn, bí ọmọ kékeré bá sì wà nílé, ẹ tún máa wá ẹni tó máa tọ́jú wọn. Mo ti ń sọ ọ́ nínú ìpàdé, mo sì tún ń sọ ọ́ níbí: ó yẹ kí ẹ̀kọ́ tí òfin fi ṣe dandan fún ẹnjiníà ìpínlẹ̀ Oǹdó wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ó sì yẹ kí ìdánwò kékeré wà ní òpin rẹ̀, kí wákàtí tí èèyàn fi jókòó nìkan má ṣe jẹ́ ẹ̀rí.

Kí ẹ tó ronú Àbújá, ẹ wo ohun tó wà nítòsí. Ẹ̀ka NSE ti Àkúrẹ́ ni mo máa kọ́kọ́ lọ bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin. Owó ọkọ̀ láti Ìjàpọ̀ ò ní pa yín lára, àwọn tí ẹ sì máa bá pàdé ń ṣiṣẹ́ lórí ilẹ̀ kan náà pẹ̀lú yín, ìjíròrò lẹ́yìn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń ṣeni láǹfààní tó ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà. Àbùkù rẹ̀ ni pé àkòrí tí wọ́n bá yàn lè má kan iṣẹ́ yín. Ẹ sọ fún àwọn tó ń ṣètò rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ìpìlẹ̀ lórí amọ̀ lẹ fẹ́ gbọ́, ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n kọ ẹni tó bá àkòrí wá. FUTA náà ti wà láàárín wa láti 1981, àwọn tó ń ṣèwádìí ilẹ̀ Àkúrẹ́ gan-an wà níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ ẹ̀kọ́ tó jinlẹ̀, oyè ìkejì ní FUTA dára ju ọ̀pọ̀ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ méjì lọ, àmọ́ ó ń gba ọdún, ó ń gba owó, ẹni tó sì ní iṣẹ́ mẹ́ta lọ́wọ́ lè má lè parí rẹ̀. Ti orí íntánẹ́ẹ̀tì rọrùn fún ìyá ọmọ, mi ò sì gbà pé ó kéré sí ti inú gbọ̀ngàn bó bá jẹ́ pé olùkọ́ wà níbẹ̀ tí ẹ lè bi í ní ìbéèrè. Èyí tí wọ́n ti gbà sílẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò lè dáhùn bó bá rú yín lójú. Ohun kan ni kí ẹ ṣe kí ẹ tó san kọ́bọ̀ fún èyíkéyìí: ẹ bèèrè lọ́wọ́ COREN, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń ta ìdánilẹ́kọ̀ọ́, bóyá wọ́n fọwọ́ sí i àti iye tó máa kà fún yín.

Ti àbúrò yín tó wà ní Texas, òótọ́ ló sọ, ṣùgbọ́n ẹ má fi òfin ibẹ̀ wọn ti ibí. Ní Amẹ́ríkà, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀. Texas ń bèèrè wákàtí 15 lọ́dọọdún, ọ̀kan nínú rẹ̀ ó kéré tán gbọ́dọ̀ dá lórí ìwà ọmọlúàbí nínú iṣẹ́. New York ń bèèrè 36 láàárín ọdún 3, Florida ń bèèrè 18 láàárín ọdún 2, California ò sì bèèrè nǹkan kan rárá. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba ọ̀nà mìíràn: láti 2019, ẹnjiníà tó wà nínú ìwé Engineering Council tó sì ń ṣiṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa kọ ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń mú nínú wọn láti yẹ̀ wò. Ẹ lè jókòó ti àbúrò yín kí ẹ sì kẹ́kọ̀ọ́ nínú ohun tó ń wò, kò sẹ́ni tó ní kí ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ ẹ má retí pé COREN á kà á fún yín láìjẹ́ pé ẹ ti bi wọ́n. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lára Texas ni wákàtí ìwà ọmọlúàbí yẹn. Ẹni tí oníṣẹ́ bá ń rọ̀ pé kó fọwọ́ sí àwòrán tí kò yẹ̀ wò nílò ibi tó ti máa gbọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ń sọ pé rárá láìpàdánù oúnjẹ wọn.

Bí ẹ ṣe máa yan ẹ̀kọ́ nìyí, gẹ́gẹ́ bí èmi náà ṣe ń yàn án. Ẹ mú àwọn iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ yín àti àwọn tí ẹ rò pé ó ń bọ̀ lọ́dún yìí, kí ẹ bi ara yín ibi tí ẹ ti ń gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí ẹlòmíràn sọ láìlè yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín. Fún ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ilé tí mo mọ̀, àyẹ̀wò ilẹ̀ àti sọ́fítíwíà ló máa ń jẹ́. Ibẹ̀ ni kí ẹ ná owó díẹ̀ tẹ́ ẹ ní sí. Kí ẹ wá ní fáìlì kan: ọjọ́, àkòrí, ẹni tó kọ́ni, iye wákàtí, àti ìlà kan tàbí méjì lórí ohun tí ẹ yí padà nínú iṣẹ́ yín nítorí rẹ̀. Bí ìlà tó gbẹ̀yìn yẹn bá ń ṣófo lọ́pọ̀ ìgbà, ẹ ti ń yan ẹ̀kọ́ tí kò kàn yín. Sátífíkéètì ń sọnù, ìwé àkọsílẹ̀ ń gbani lọ́jọ́ tí wọ́n bá bèèrè.

Ẹnjiníà ilé lèmi náà, torí náà mi ò lè tọ́ àwọn ẹlẹ́kítíríìkì sọ́nà bí mo ṣe tọ́ yín. Síbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó wà nídìí iná mànàmáná ní ìpínlẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ mọ̀ pé Òfin Iná Mànàmáná ti 2023 fún àwọn ìpínlẹ̀ láyè láti ṣàkóso ọjà iná tiwọn, àti pé Oǹdó wà lára àwọn tí NERC, àjọ tó ń ṣàkóso iná mànàmáná ní Nàìjíríà, kọ́kọ́ fà á lé lọ́wọ́ ní 2024. Ẹni tó ń kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tí kì í ṣe òun ló ń ṣàkóso mọ́ máa fi àkókò oníbàárà rẹ̀ ṣòfò. Àwọ̀ wáyà pàápàá ti yí padà lọ́wọ́ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí a ń tẹ̀lé: pupa àti dúdú àtijọ́ ti di búráùn àti búlúù, méjèèjì sì ń bára wọn pàdé nínú ilé kan náà tí wọ́n bá fi iṣẹ́ tuntun kún ti tẹ́lẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ lè kú níbẹ̀.

Iye wákàtí àti owó, àjọ lè yí i padà lọ́dún èyíkéyìí, torí náà ẹ má gbà á lẹ́nu mi tàbí lẹ́nu ọ̀rẹ́. Ẹ wọlé sí orúkọ yín lórí ìkànnì COREN, kí ẹ wo ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ pé ó kù fún yín, kí ẹ sì kọ lẹ́tà sí wọn lọ́sẹ̀ yìí, kí ìwé àṣẹ yín tó tán. Ẹ sọ òótọ́: pé ẹ dá dúró, pé Àkúrẹ́ lẹ wà, pé ẹ fẹ́ mọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí tó sún mọ́ yín jù tàbí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà lẹ́tà náà àti èsì rẹ̀. Bí ọjọ́ bá kọjá kí ọ̀rọ̀ tó yanjú, ẹ má tẹ òǹtẹ̀ yín mọ́ àwòrán kankan títí ìwé tuntun á fi dé. Ẹ wá ẹlẹgbẹ́ tí ìwé tirẹ̀ pé, kí ó yẹ iṣẹ́ náà wò láti ìbẹ̀rẹ̀ kó tó buwọ́ lù ú, kí ẹ sì fún un ní owó iṣẹ́ rẹ̀, nítorí pé ẹrù tó gbé lé ara rẹ̀ kì í ṣe kékeré. Lẹ́yìn tí èsì COREN bá ti tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Àwọn mìíràn ní Oǹdó àti ní Ọ̀wọ̀ ti ń bi mí ní ohun kan náà, èmi á sì fi ohun tí wọ́n bá sọ fún yín dá wọn lóhùn.